Ìbò Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a parí ẹ̀kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà, ìyá kan tí ó jókòó síwájú nawọ́ sókè. Gààrí ni wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n sì ti ka ìwé kìn-ín-ní tán, wọ́n ti dé àárín ìwé kejì. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ẹ ní kí a máa lọ dìbò. Ìbò tèmi ẹyọ kan ṣoṣo yìí, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbò, kí ni yóò fi kún un, kí ni yóò yọ níbẹ̀?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n a rí i pé àwọn tí ń rẹ́rìn-ín náà ń retí ìdáhùn.

A kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá ìyá náà lóhùn. Ìtàn ibì kan ni a sọ, a sì kọ iye ìbò ibẹ̀ sára pátákó kí gbogbo wọn lè kà á. Ìtàn náà ni a tún kọ síhìn-ín, kí ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ lè fi ojú ara yín rí i.

Ibi tí a ń wí

Orúkọ ibẹ̀ ni Brecon and Radnorshire. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Brẹ́kìn ni wọ́n ń pe ti ìṣáájú, Rádìnọ̀ṣà ni wọ́n ń pe ìkejì. Ilẹ̀ Wales ni ó wà, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ England, nínú Ìlú Ọba. Àwọn ará Wales ní èdè tiwọn tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ní apá ibi tí a ń wí yìí.

Ilẹ̀ olókè ni. Òkè tí ó ga jù níbẹ̀, Pen y Fan, ga tó mítà 886. Koríko ni ó bo àwọn òkè náà, àgùntàn ni ó sì ń jẹ koríko. Àgùntàn pọ̀ níbẹ̀ ju ènìyàn lọ fíofío. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í kọ ebè iṣu, wọn kò sì mọ igi kòkó. Àgùntàn àti màlúù ni oko wọn. Ní oṣù keje lọ́dọọdún, àwọn àgbẹ̀ láti gbogbo ilẹ̀ Wales a máa kó ẹran wá sí Llanelwedd, lẹ́bàá ìlú Builth Wells, láti fi wọ́n hàn, kí ẹni tí ẹran rẹ̀ bá dára jù sì gba ẹ̀bùn. Àwọn ìlú tí ó wà níbẹ̀ kò tóbi. Brecon wà níbẹ̀, Llandrindod Wells wà níbẹ̀, àti Knighton, àti Hay-on-Wye tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àwọn ilé ìtàwé àlòkù rẹ̀. Ìlú kékeré tí ó ń fi ìwé títà jẹun! Àwa tí a ń kọ́ ènìyàn ní ìwé kò lè ṣe kí a má dárúkọ rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ní gúúsù, ọ̀tọ̀ ni ti ibẹ̀. Ystradgynlais àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ: alágùntàn wà ní òkè, awakùsà èédú wà ní ìsàlẹ̀. Ohun tí àwọn kan ń fẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba kọ́ ni àwọn kejì ń fẹ́. Inú àpótí ìbò kan náà ni wọ́n sì ti ń pàdé.

Ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn rẹ̀, kò sí àgbègbè ìdìbò tí ó fẹ̀ tó o ní England àti Wales. Fífẹ̀ rẹ̀ ju kìlómítà onígun mẹ́rin 3,000 lọ díẹ̀. Kò fi púpọ̀ kéré sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ènìyàn ti kún Èkó. Ní Brecon and Radnorshire, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò ní 2019 kò ju bí 53,000 lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìbò níbẹ̀ yóò wa ọkọ̀ títí, yóò ṣí géètì oko, ajá yóò gbó mọ́ ọn, kí ó tó bá ènìyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n ti ń dìbò

Àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan ní Ìlú Ọba ń rán ẹnì kan ṣoṣo lọ sí Páálímẹ́ǹtì ní London, níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó wọlé. Kò di dandan kí ó gba ìdajì ìbò. Bí ó bá fi ẹyọ kan ṣoṣo ju ẹni tí ó tẹ̀lé e, ó ti wọlé nìyẹn, ẹni tí ó tẹ̀lé e yóò sì lọ sílé.

Olùdìbò kì í tẹ ìka níbẹ̀. Wọ́n á fún un ní ìwé ìbò, yóò wọ inú ibi kọ́lọ́fín kan, yóò sì fi lẹ́ẹ̀dì fa àmì X sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tí ó fẹ́. Lónìí, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú àti àmì ẹgbẹ́ máa ń wà lórí ìwé náà. Ṣùgbọ́n títí di 1969, òfin kò gbà kí orúkọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ rárá. Orúkọ ẹni, ibi tí ó ń gbé àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò ní igi ọ̀pẹ tàbí àkùkọ kankan tí yóò tọ́ka sí. Àfi kí ó ti há orúkọ náà sórí láti ilé, kí ó sì mọ̀ ọ́n bí ó bá rí i.

Ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti ń dìbò yìí náà, ìyà ni wọ́n fi rí i gbà. Kí ó tó di 1872, gbangba ni wọ́n ti ń dìbò. Olùdìbò a dúró níwájú gbogbo ènìyàn, a sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tí ó fẹ́, akọ̀wé a kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Wales kò ní ilẹ̀ tiwọn. Lórí ilẹ̀ olówó ni wọ́n ti ń dáko, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ní ìbò ọdún 1868, àwọn onílẹ̀ kan lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn nítorí pé kò dìbò fún ẹni tí onílẹ̀ fẹ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Cardiganshire, tí ó bá Brecon àti Radnor pààlà. Ariwo tí ó ti ibẹ̀ jáde wà lára ohun tí ó mú kí Páálímẹ́ǹtì ṣòfin ní 1872 pé kí olúkúlùkù máa dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti san ìṣákọ́lẹ̀ rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára.

Ti obìnrin tún wà níbẹ̀. Kò sí obìnrin kan tí ó lè dìbò sí Páálímẹ́ǹtì títí di 1918, àní nígbà náà àfi ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó di 1928 kí ti obìnrin àti ti ọkùnrin tó dọ́gba. Nígbà tí a sọ èyí ní kíláàsì, ìyá wa aláàrí ní, "Kí ni wọ́n ń bẹ̀rù?" A kò rí èsì fọ̀.

Èédú àti àgùntàn

Kí ó tó di 1918, Brecknockshire ní aṣòfin tirẹ̀, Radnorshire ní tirẹ̀. Ọdún náà ni wọ́n so méjèèjì pọ̀ di àgbègbè kan. Ẹgbẹ́ Liberal ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Conservative gbà á ní 1924, Liberal gbà á padà ní 1929, ó tún bọ́ mọ́ Conservative lọ́wọ́ ní 1931. Ní 1939, ẹni tí ó wà lórí àga jogún oyè bàbá rẹ̀, oyè náà sì gbé e lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá. Wọ́n dìbò ní oṣù kẹjọ láti fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀, William Jackson ti ẹgbẹ́ Labour sì wọlé. Labour ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ogójì ọdún gbáko ni Labour fi di àgbègbè náà mú. Tudor Watkins, tí ó ti wa èédú nígbà èwe rẹ̀, nìkan lo ọdún 25 níbẹ̀, láti 1945 títí di 1970. Ìbò àwọn awakùsà ni òpó ilé rẹ̀. Caerwyn Roderick tẹ̀lé e, títí Tom Hooson ti ẹgbẹ́ Conservative fi lé e kúrò ní 1979.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í fiyè sí, òun ni ààlà. Nígbà tí ìjọba tún ààlà àgbègbè ìdìbò pa ní 1983, wọ́n yọ Brynmawr kúrò, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí Labour ti ń rí ìbò púpọ̀. Kò sí ẹni tí ó yí ọkàn padà o. Ilẹ̀ ni wọ́n gé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ Labour kò tún ranlẹ̀ níbẹ̀ mọ́ bí ti àtijọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa ààlà wọ́ọ̀dù yín dà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gé àti ohun tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbò tí a kọ sára pátákó

Ọ̀gbẹ́ni Hooson kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1985, wọ́n sì dá ọjọ́ kẹrin oṣù keje fún ìbò àfirọ́pò. Ìbò àfirọ́pò ni èyí tí àgbègbè kan ṣoṣo ń dì nígbà tí àga aṣòfin rẹ̀ bá ṣófo kí àsìkò tó pé. Margaret Thatcher ti Conservative ni olórí ìjọba nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà, tí ó gbà tó ọdún kan, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì dùn. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa bi ènìyàn díẹ̀ léèrè ẹni tí wọn yóò dìbò fún, kí wọ́n sì fi ìyẹn sọ bí ìbò yóò ti rí. Àwọn wọ̀nyí sọ pé Labour ni yóò wọlé, àti pé yóò fi àwọn yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn réré.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Labour ní 13,194. Richard Livsey ti ẹgbẹ́ Liberal ní 13,753. Ìbò 559 ni ó fi wọlé. Conservative tí ó ni àga tẹ́lẹ̀ ṣe ìkẹta. Ọmọ Talgarth ni Livsey, ìlú kékeré kan nínú àgbègbè náà. Ó ti jẹ́ olùkọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì mọ bí a ti í bá alágùntàn sọ̀rọ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1987, ìbò gbogbo ìlú dé. Èyí gan-an ni èyí tí a kọ sára pátákó. A ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yọ ọ́ fúnra wọn:

Livsey: 14,509
Jonathan Evans ti Conservative: 14,453

Bàbá kan tí ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ni ó kọ́kọ́ rí i. Ó ku 56. Ó ju ènìyàn 41,000 lọ tí ó dìbò lọ́jọ́ náà, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni ó sì pín olówó àti òfò níyà.

A wá ka orí ara wa. Kíláàsì wa ti òwúrọ̀ ní ènìyàn 27, ti ìrọ̀lẹ́ ní 34. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 61. Àwa nìkan, nínú yàrá kékeré tí òrùlé rẹ̀ ń jò yìí, a ti ju iye náà lọ. Bàbá káfíńtà tún wò ó títí, ó ní bí ènìyàn 29 péré nínú àwọn tí ó dìbò fún Livsey bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ Evans, Evans ni ìbá wọlé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni wọ́n sọ: 14,509 yóò di 14,480, 14,453 yóò di 14,482. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Kò tó kíláàsì ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má rò pé èyí jẹ́ àkókò kan ṣoṣo. Ní 1992, àwọn méjèèjì tún pàdé. Evans ní 15,977, Livsey ní 15,847. Ìbò 130 ni Evans fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbò Labour kò tó láti wọlé mọ́, síbẹ̀ ó ju 11,000 lọ. Àwọn olùdìbò wọ̀nyí ni àwọn méjèèjì ń wá ojú rere wọn.

Ní 1997, Livsey gbà á padà, ó sì fi 5,097 wọlé. Orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di Liberal Democrat nígbà náà, nítorí pé Liberal ti parapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn ní 1988. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní 2001, àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu ń pa ẹran ní Ìlú Ọba. Wọ́n ń pa agbo àgùntàn, wọ́n sì ń sun wọ́n, agbègbè yìí náà sì wà lára ibi tí ó dé. Nítorí àrùn náà ni wọ́n fi sún ìbò ọdún náà láti oṣù karùn-ún sí ọjọ́ keje oṣù kẹfà. Roger Williams, àgbẹ̀ ọlọ́sìn, ni ó rọ́pò Livsey, ó sì jẹ́ 751 ni ó fi wọlé. Ó wà níbẹ̀ di 2015, tí Chris Davies ti Conservative fi 5,102 borí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará ilé pe aṣòfin padà

Ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Chris Davies ra fọ́tò mẹ́sàn-án láti fi ṣe ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. £700 ni iye owó wọn. Owó ọ́fíìsì aṣòfin, ìjọba ní í san án, bí ó bá mú ìwé owó wá. Davies fẹ́ kí ìjọba san díẹ̀ láti inú àpò kan, kí ó san ìyókù láti inú àpò mìíràn. Nítorí náà ó ṣe ìwé owó méjì tí kì í ṣe òótọ́, ọ̀kan £450, èkejì £250. Fọ́tò wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì jọ pé ó jèrè kankan. Ìwé ni ó parọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2019 ó gbà ní ilé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù kẹrin, wọ́n ní kí ó san ìtanràn £1,500, kí ó sì fi wákàtí 50 ṣiṣẹ́ ìlú láìgba owó.

Òfin kan wà ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ṣe ní 2015, tí ó fi àṣẹ fún àwọn olùdìbò láti pe aṣòfin wọn padà. Wọn kò kàn lè pè é padà nítorí pé wọn kò fẹ́ràn ojú rẹ̀. Ó ní ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n, tàbí bí Páálímẹ́ǹtì bá dá a dúró fún ọjọ́ ìjókòó mẹ́wàá ó kéré tán, tàbí bí wọ́n bá dá a lẹ́bi pé ó parọ́ lórí owó tí ó ń gbà gẹ́gẹ́ bí aṣòfin, ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn. Wọ́n á gbé ìwé kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Olùdìbò tí ó bá fẹ́ kí àga ṣófo yóò lọ fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ó jókòó sílé rẹ̀, kò sí ibi tí ó ti lè fọwọ́ sí "rárá." Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn olùdìbò bá fọwọ́ sí i, aṣòfin náà ti bọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀ ní Brecon and Radnorshire. Iye tí wọ́n ń wá jẹ́ 5,303. Nígbà tí wọ́n kó o ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà, 10,005 ti fọwọ́ sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Bí àga náà ti ṣófo nìyẹn.

Àgbègbè mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní North Antrim, ní 2018, ìbuwọ́lù kò pé. Ní Peterborough, ní 2019 kan náà, ó pé. Nítorí náà Brecon and Radnorshire ni ìkẹta nínú àwọn tí ó dán an wò, àti ìkejì nínú àwọn tí ó yege.

Òfin náà ní ohun kan tí ó ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu: ẹni tí wọ́n pè padà lè tún jáde du ipò náà. Davies sì tún jáde, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó gba ìlú kan nígbà náà ni bóyá Ìlú Ọba yóò kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tàbí kò ní kúrò. Ẹgbẹ́ Plaid Cymru, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ará Wales, àti ẹgbẹ́ Green fà sẹ́yìn, wọn kò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀, kí ìbò àwọn tí kò fẹ́ kúrò má baà fọ́n ká. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ni wọ́n dìbò. Jane Dodds ti Liberal Democrat ní 13,826, Davies ní 12,401. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,425.

Ẹ wá wo èyí. Ẹgbẹ́ tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Brexit Party, tí òun náà fẹ́ kí Ìlú Ọba kúrò bí ti Davies, ní 3,331. Apá kan kó ìbò rẹ̀ jọ, apá kejì pín tirẹ̀ sí méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ yí sí nìyẹn. Boris Johnson kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí àga olórí ìjọba nígbà náà. Lẹ́yìn ìbò àwọn alágùntàn wọ̀nyí, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ tirẹ̀ àti àwọn tí ń tì í lẹ́yìn fi ju gbogbo àwọn yòókù lọ ní Páálímẹ́ǹtì.

Dodds kò pẹ́ níbẹ̀. Ìbò gbogbo ìlú dé ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Fay Jones ti Conservative sì fi 7,131 borí rẹ̀. Ní 2024 wọ́n tún ààlà pa, wọ́n lẹ apá kan àfonífojì odò Tawe mọ́ ọn, orúkọ àtijọ́ sì parẹ́. Brecon, Radnor and Cwm Tawe ni orúkọ tí wọ́n fún un. David Chadwick ti Liberal Democrat gbà á lọ́wọ́ Fay Jones ní ìbò ọdún náà, 13,736 sí 12,264.

Ti ilé wa ńkọ́?

Èyí ni ìbéèrè tí wọ́n bi wá nígbà tí a sọ ìtàn náà tán. A sì ní èsì, nítorí pé ó wà nínú ìwé òfin wa. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 69, sọ pé àwọn olùdìbò lè pe aṣòfin tí wọ́n rán lọ sí Abuja padà. Ṣùgbọ́n tiwa le ju tiwọn lọ. Kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò lọ, tí wọn yóò fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú rẹ̀ mọ́. INEC yóò yẹ ìbuwọ́lù náà wò. Lẹ́yìn náà, láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọn yóò tún jáde dìbò lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Wọ́n dán an wò ní Ìwọ̀-oòrùn Kogi ní 2018, níbi tí àwọn ará wa Okun wà. Wọ́n kó ìwé tí ó kún fún orúkọ lọ fún INEC. Ṣùgbọ́n nígbà tí INEC ní kí àwọn tí ó fọwọ́ sí i jáde wá fi ara wọn hàn, iye tí wọ́n rí yẹ̀ wò tí ó sì jóòótọ́ jẹ́ 18,742, nínú olùdìbò 351,146. Kò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fífi ọwọ́ sí ìwé yìí kì í ṣe eré lójú wa. Bàbá tí ó bí wa tẹ ìka sí ìwé kan rí. Wọ́n sọ fún wọn pé owó kòkó tí wọ́n fẹ́ gbà ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Nígbà tí a ti mọ̀wé díẹ̀, tí a sì rí ìwé náà gbà kà, ilẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Oko náà kò padà sọ́wọ́ wa títí di òní. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má fọwọ́ sí ìwé ìpèpadà, tàbí ìwé èyíkéyìí, nítorí pé ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ní kí ẹ ṣe é. Ẹ ní kí ó mú un wá. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí kò bá yé yín, ẹ fi ìka lé e, kí ẹ sì béèrè. Bí ó bá ń kán yín lójú, ẹ dá a padà fún un.

A ka abala 69 náà pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. A ti tú u sí Yorùbá fún wọn, síbẹ̀ ó gbà wá ju wákàtí kan lọ, nítorí pé a ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ka gbólóhùn kan sókè. Nígbà tí a parí, ìyá wa aláàrí kò dìde. Wọ́n ní ẹni tí inú àwọn kò dùn sí kì í ṣe ti Abuja, ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ ni, ṣé òfin dárúkọ tirẹ̀ náà? A ní bẹ́ẹ̀ ni, abala 110 ni. Wọ́n ní kí a mú un wá lọ́jọ́ Thursday.